Ẹrẹ̀ Abẹ́ Bàtà

Aago méje kọjá díẹ̀, òwúrọ̀ Sátidé.
Ṣẹ́fíìdì ò tíì nu ipin ojú ẹ̀ tán.
Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.
N ò délé. Bàtà òkè ti wà nínú àpò mi,
ní ìbùdókọ̀ ojú irin ni mo ti pààrọ̀.

Bàbá Akínrìnọ́lá ti dé ṣáájú gbogbo wa.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí
kí orúnkún wọn tó ní ó tó.
Títí dòní, bí wọ́n bá wọkọ̀, wọn a kí awakọ̀
bí ẹni ń kí àna.
Hilda dé, òun àti máàpù tó ti ya lójú ìṣẹ́po.
Arinọlá ló dé gbẹ̀yìn, ó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀,
ó ní mọ́tò ọkọ òun ì bá yá jù báyìí lọ.

Ihò abẹ́ òkè gbé ọkọ̀ wa mì, ó pẹ́ nínú ẹ̀.
Nígbà tó máa bì wá síta,
ògiri òkúta ni mo rí, ìkuukùu, àgùntàn.
Ní Ídéèlì, mọ́tò tò sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì;
katakata àgbẹ̀ kan há sáàárín wọn, ó ń fun fèrè.
Arinọlá wò ó, kò sọ nípa mọ́tò mọ́.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan la tò gba ojú ọ̀nà oko.
Gèètì tí a bá ní títì, a tì í padà.
Èyí tí a bá ní ṣíṣí, Hilda ní ká fi í sílẹ̀,
olóko ló mọ ohun tó ń rò.
Mo rántí bàbá mi àti iṣu rẹ̀ létí Òṣú:
ẹni tó gba àárín ebè kọjá
kò mọ ẹ̀yìn ẹni tó kọ ọ́.

Ìyá àgùntàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sí gbàgede ọ̀nà.
Ọmọ náà dìde, ó ṣubú, ó tún dìde.
A ò sọ̀rọ̀. A yà fún ìyá ọmọ,
a gba inú àbàtà lọ, ẹrẹ̀ mu wá dé kókósẹ̀.
Arinọlá bú ẹrẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi bú u.

Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í le,
Hilda ń dúró ṣáá, ó ń wo máàpù.
Ogójì ọdún ló ti ń gun òkè yìí!
Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Bàbá tí wọ́n di orúnkún mú,
ó wá yé mi pé kì í ṣe ọ̀nà ló ń wá.
Ìlàjì òkè la ti jẹun. A kó èèpo ọsàn sápò.
A ò dé orí rẹ̀. Òkè ò bínú.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ò níí wá,
bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò.
Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà nídìí ẹ̀, ojú ti ń roni.
Bàbá ò gòkè. Wọ́n ṣa igi létí títì,
wọ́n jókòó sórí òkúta pẹ̀lú orúnkún yẹn,
wọ́n ń ha ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ha iṣu.
«Bí èrò bá sọ̀ tán lálẹ́,» ni wọ́n wí,
«ta lẹ rò pé ó ń gbálẹ̀?»
A jókòó tì wọ́n, a ń ha tiwa.

Ìbọ̀sẹ̀ la fi wọkọ̀, bàtà lọ́wọ́.
Ọmọ ìka Arinọlá kan ń yọjú láti inú ihò ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.
Awakọ̀ wò wá nínú dígí,
ó gbé ìka kan péré sókè lórí ìdarí.
Bàbá gbé tiwọn sókè, wọ́n fi dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n.
Oorun ti gbé mi lọ.